Piezo, ohun èlò tó ń gbọ́ tó sì ń dáhùn: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí bí wọ́n ṣe ń fi pa ariwo àti ìgbọ̀nrìrì

Kí lẹ ń pè ní ohun èlò tó ń gbọ́ tó tún ń dáhùn gan-an?

Ẹ gbé láítà tí wọ́n fi ń ṣáná sí gáàsì ìdáná, èyí tó máa ń dún kọ́ọ̀ tí iná á ta pàrà lẹ́nu ẹ̀ láìsí batìrì nínú ẹ̀. Nǹkan kékeré kan tó ń jẹ́ piezo ló wà níbẹ̀, irin kékeré kan ló ń lù ú, bó ṣe ń lù ú ni iná ń jáde. Ìyẹn gbogbo wa ti rí. Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé ó tún ń ṣe é lódìkejì, tẹ́ ẹ bá fún piezo yẹn ní iná, òun náà á nà, tẹ́ ẹ bá yí iná ọ̀hún padà á súnkì. Ọ̀nà méjèèjì ló mọ̀ ọ́n rìn. Tẹ́ ẹ bá wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin pẹlẹbẹ kan tó ń gbọ̀n, á máa fi iná sọ fún yín bí irin yẹn ṣe ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn, ẹ̀yin náà á wá dá iná tiyín padà fún un, irú èyí tó máa jẹ́ kó fa irin yẹn lódì sí ibi tó ń lọ, ìgbọ̀n á bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀.

Kí ló wá kan ariwo nínú ọ̀rọ̀ ìgbọ̀n?

Òun gan-an lọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ariwo tó ń dà wá láàmú ò bẹ̀rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, ara nǹkan tó ń gbọ̀n ló ti bẹ̀rẹ̀: páànù, ara báàlù, dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́tò, táńkì ẹ̀rọ. Nǹkan yẹn gbọ̀n, ó ti afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ gbé e dé etí wa. Ohun tí mo máa ń tẹnu mọ́ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí ni pé ibi tó dáa jù láti pa ariwo ni ara nǹkan tó ń dá a sílẹ̀, kó tó di ariwo rárá, torí tó bá ti bọ́ sínú afẹ́fẹ́ ó ti fọ́n ká nìyẹn, ẹ ò lè kó o jọ mọ́.

Ní yunifásítì Virginia Tech ní Amẹ́ríkà, Chris Fuller àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí èyí gan-an, wọ́n ń lẹ piezo mọ́ páànù àti ara báàlù kó má baà lè sọ ariwo síta. Nǹkan kan wà nínú irú iṣẹ́ yìí tó dùn mọ́ mi púpọ̀: kì í ṣe gbogbo ìgbọ̀n ló ń di ariwo. Páànù lè máa gbọ̀n dáadáa kí apá kan ẹ̀ máa lọ síwájú kí apá kejì máa lọ sẹ́yìn, afẹ́fẹ́ tí apá kan tì ni apá kejì ń fà padà, ohun tó máa dé etí yín ò ní tó nǹkan. Torí náà nígbà míì kò pọn dandan kẹ́ ẹ pa gbogbo ìgbọ̀n, èyí tó ń pariwo nìkan lẹ máa wá mú, tàbí kẹ́ ẹ kàn tún ìgbọ̀n yẹn tò títí ariwo ẹ̀ á fi lọ sílẹ̀.

Ta ló kọ́kọ́ rí i?

Tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan ní Paris, Jacques àti Pierre Curie, ní 1880. Pierre yìí ló padà fẹ́ Marie Curie. Wọ́n tẹ quartz, wọ́n tẹ tourmaline, wọ́n tẹ iyọ̀ Rochelle, kódà wọ́n tẹ kírísítà ṣúgà ìrèké, wọ́n rí i pé iná ń yọ lára gbogbo wọn. Ọdún tó tẹ̀ lé e Gabriel Lippmann fi ìṣirò fi hàn pé ó gbọ́dọ̀ ṣeé ṣe lódìkejì, àwọn Curie dán an wò, bẹ́ẹ̀ náà ló rí.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní Paul Langevin fi quartz ṣe ẹ̀rọ tó ń wá ọkọ̀ abẹ́ omi, ó ń fi iná mi quartz yẹn kó lè rán ìró sínú omi, tí ìró ọ̀hún bá kọlu nǹkan tó padà wá, quartz kan náà ló tún ń gbọ́ ọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni PZT dé ní àwọn ọdún 1950, sẹ̀rámíìkì tí wọ́n fi òjé, zirconium àti titanium ṣe, agbára tiẹ̀ sì ju ti quartz lọ ní ìlọ́po 100 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1969 Heiji Kawai ní Japan rí i pé pílásítíìkì kan tó ń jẹ́ PVDF náà lè ṣe é. Lílo wọn láti dá irin tó ń gbọ̀n dúró wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ ní àwọn ọdún 1980: Bailey àti Hubbard ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà lẹ PVDF mọ́ irin gbọọrọ kan ní 1985, Crawley àti de Luis tẹ̀ lé e ní 1987 pẹ̀lú sẹ̀rámíìkì tí wọ́n tiẹ̀ sin sínú ohun èlò fúnra ẹ̀.

Ṣé kì í ṣe iṣẹ́ hẹ́dífóònù tó ń pa ariwo náà nìyẹn?

Ẹbí ni wọ́n, àmọ́ ọ̀nà wọn yàtọ̀. Paul Lueg, ará Jámánì, gba patent ní Amẹ́ríkà ní 1936 lórí pé tí ìgbì ìró kan bá ń bọ̀, tẹ́ ẹ bá rán ìgbì míì pàdé ẹ̀ tó jẹ́ pé ibi tí tàkọ́kọ́ ti ga ni tìkejì ti rẹlẹ̀, àwọn méjèèjì á pa ara wọn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ tọ́, ẹ̀rọ ìgbà yẹn ni ò tíì yára tó. Ní 1978 Amar Bose, ẹni tó dá ilé iṣẹ́ Bose sílẹ̀, wọ báàlù láti Zurich, ariwo inú báàlù ò jẹ́ kó gbádùn orin nínú hẹ́dífóònù tí wọ́n fún un, inú báàlù yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò bó ṣe máa ṣe é, ní 1989 ilé iṣẹ́ ẹ̀ sì ti ń ta ti àwọn awakọ̀ òfurufú. Hẹ́dífóònù rọrùn torí pé inú afẹ́fẹ́ tó kéré gan-an, láàárín rọ́bà àti etí, ló ti ń jà. Tí ibẹ̀ bá fẹ̀, ọ̀rọ̀ á yí padà.

Ṣé mi ò lè gbé spíkà ńlá sójú fèrèsé kó máa pa ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò mi?

Mo mọ̀ pé ìbéèrè yìí ti ọkàn wá, torí ẹni tí jẹnẹrétọ̀ ò jẹ́ kó sùn kì í ṣeré. Àmọ́ rárá o, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ pọ̀. Ìró ń rin nǹkan bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìró tó ń gbọ̀n ní 50 hertz, ìyẹn ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbì ẹ̀ kan gùn tó mítà 6.9, èyí tó wà ní 1,000 hertz ò ju sẹ̀ńtímítà 34 lọ. Tí spíkà bá ń pa ariwo nínú yàrá, ibi tó máa pa rọ́rọ́ ò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá gígùn ìgbì yẹn lọ. Ní 50 hertz ìyẹn á tó sẹ̀ńtímítà 69, ó ṣe é gbé orí sí. Ní 1,000 hertz sẹ̀ńtímítà 3.4 péré ni, ẹ kàn yí orí díẹ̀ báyìí ẹ ti jáde níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ láwọn ibòmíì nínú yàrá yẹn spíkà yín á tún fi kún ariwo ni.

Ẹ wá wo jẹnẹrétọ̀ fúnra ẹ̀. Èyí kékeré tí a ń pè ní "I better pass my neighbour", tó ń lo epo tí wọ́n po ọ́ìlì mọ́, ń yí ní 3,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, ó sì ń yìnbọn, ìyẹn ni pé epo ń bú gbàmù nínú ẹ̀, ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá yí, ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tó tóbi díẹ̀, onísìlíńdà kan tí ọ́ìlì ẹ̀ wà lọ́tọ̀, ń yìnbọn ní 25. Ìró tó wà nísàlẹ̀ báyìí, èyí tí hertz ẹ̀ kéré, ni ògiri àti fóòmù ò lè dá dúró dáadáa, òun náà sì ni ẹ̀rọ tó ń pa ariwo mọ̀ ọ́n pa jù, torí ìgbì ẹ̀ gùn ó sì ń ṣe ohun kan náà ní gbogbo ìgbà. Àmọ́ àwọn wáráwárá páànù àti ariwo fáànù tó wà lórí ẹ̀, òkè lọ́hùn-ún níbi tí hertz ti pọ̀ làwọn yẹn wà. Ibi tí spíkà ti lè ṣiṣẹ́ gidi ni inú páìpù èéfín, torí páìpù tóóró, ìgbì ò níbi tó máa yà sí, àmọ́ ooru àti èédú inú èéfín á tètè ba spíkà jẹ́. Fún ilé, rọ́bà tó dáa sábẹ́ ẹsẹ̀ jẹnẹrétọ̀, sáílẹ́ńsà tí ò tíì jò, ògiri búlọ́ọ̀kù, àti kí wọ́n gbé e jìnnà sí fèrèsé, àwọn wọ̀nyẹn ló yẹ kó ṣáájú.

Báwo ni piezo ṣe ń mọ àsìkò tó yẹ kó fà?

Ẹ ronú ọmọ tó wà lórí jangirọ́fà. Ẹni tó bá tì í nígbà tó ń lọ, eré ẹ̀ ló ń fi kún, ẹni tó bá na ọwọ́ sí i díẹ̀ nígbàkígbà tó bá ń bọ̀, láìpẹ́ á dúró, bẹ́ẹ̀ agbára kan náà làwọn méjèèjì lò, àsìkò ló yàtọ̀. Ohun tí sákíìtì ń ṣe nìyẹn, ó ń gba iná lọ́wọ́ piezo tó ń gbọ́, ó ń ṣírò bí irin yẹn ṣe ń yára sí ọ̀nà wo, ó wá ń rán iná sí piezo tó ń fà kó lè dojú kọ eré yẹn. Tó bá jẹ́ ariwo tí a ti mọ orísun ẹ̀ ṣáájú, bíi ti ẹnjìnnì tí a lè ka bó ṣe ń yí, kọ̀ǹpútà á lo orísun yẹn láti mọ ohun tó ń bọ̀, á sì máa tún ìgbì tiẹ̀ ṣe díẹ̀díẹ̀ títí èyí tó kù á fi kéré. Ìlànà ìṣirò kan tó ń jẹ́ LMS tí Widrow àti Hoff gbé jáde ní Stanford ní 1960 ni ìpìlẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ó gbọ́dọ̀ péye o. Tí ìgbì tiyín bá fi 10% dín sí ti ariwo yẹn, 20 decibel (ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí ariwo ṣe pọ̀ tó) ló pọ̀ jù tí ariwo lè fi dín kù. Tó bá fi 10 degree pẹ́ (odindi ìgbì kan jẹ́ 360 degree), nǹkan bíi 15. Tó bá pẹ́ tó 60 degree ẹ ò rí nǹkan kan gbà, tó bá kọjá ibẹ̀ ẹ ti ń fi kún ariwo nìyẹn.

Ṣé ó ní ibi tó yẹ kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́?

Ó ní o, ibẹ̀ ni project púpọ̀ ti ń bà jẹ́! Ẹni tó bá ní irin tí wọ́n de ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́ tábìlì máa ń lẹ piezo sí orí ẹ̀ lọ́hùn-ún torí pé ibẹ̀ ló ń mì jù. Piezo kì í gbọ́ mímì, bí irin ṣe ń tẹ̀ tó ń nà ló ń gbọ́, ìdí irin yẹn níbi tí wọ́n ti dè é ló sì ti ń tẹ̀ jù. Orí ẹ̀ tó ń mì gìrìgìrì yẹn ò tẹ̀ rárá. Gílúù náà ṣe pàtàkì, kó jẹ́ epoxy tó le, kó fẹ́lẹ́, torí tí gílúù bá nípọn tó sì rọ̀, òun ló máa ń nà dípò irin. Mo rí àwọn tó lo ọ̀sẹ̀ gbáko lórí kóòdù tí wọn ò lo wákàtí kan lórí gílúù, ó sì máa ń dùn mí.

Èkejì ni pé kí èyí tó ń gbọ́ àti èyí tó ń fà wà lójú kan náà, kí wọ́n kọjú síra, ọ̀kan níwájú irin ọ̀kan lẹ́yìn ẹ̀. Tí wọ́n bá jìnnà síra, irú ìgbọ̀n kan á wà tó jẹ́ pé ibi tí ọ̀kan wà ń lọ sókè nígbà tí ibi tí èkejì wà ń lọ sísàlẹ̀, iná tẹ́ ẹ bá wá rán láti fi dá a dúró á máa tì í lọ, ẹ̀rọ á ya wèrè. Tí wọ́n bá wà lójú kan náà, tó jẹ́ eré irin yẹn lẹ ń dojú kọ, ṣe lẹ ó máa yọ agbára kúrò nínú ẹ̀, irú ìgbọ̀n yòówù kó jẹ́. Sákíìtì tó ń pẹ́ díẹ̀ lè ba ìlérí yìí jẹ́ lókè lọ́hùn-ún, àmọ́ ìpìlẹ̀ tó lágbára ni.

Ṣé ẹyọ piezo kan ṣoṣo lè gbọ́ kó sì fà lẹ́ẹ̀kan náà?

Bẹ́ẹ̀ ni, ibi tó wù mí jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Ní 1992 Dosch, Inman àti Garcia gbé iṣẹ́ jáde lórí piezo tó ń dá gbọ́ ara ẹ̀, Anderson àti Hagood náà wà lórí irú ẹ̀ ní nǹkan bí àsìkò yẹn. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé iná tẹ́ ẹ rán sí i pọ̀ gan-an, iná tí òun fúnra ẹ̀ ń mú wá kéré, àwọn méjèèjì sì wà lórí wáyà kan náà. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n gbé kápásítọ̀ kan, ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná pamọ́ fúngbà díẹ̀, tó bá piezo yẹn dọ́gba sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, wọ́n rán iná kan náà sí méjèèjì, wọ́n wá yọ tọ̀hún kúrò nínú ti eléyìí. Kápásítọ̀ kì í gbọ̀n, torí náà ohun tó kù ni ohun tí piezo gbọ́.

Lórí ìwé ó dùn. Àmọ́ tí ooru bá mú, kápásítọ̀ inú piezo á yí padà, tẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ò sì ní yí bákan náà, ìdọ́gba á bà jẹ́, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé iná tí òun fúnra ẹ̀ rán ni ìgbọ̀n. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pé kó kọ́kọ́ lo méjì. Ọlọ́run sì ti fi irú ẹ̀ sínú etí wa ṣá: àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun tó wà lápá òde nínú etí inú lọ́hùn-ún ń gbọ́ ìró, wọ́n sì ń gùn wọ́n ń kúrú láti fi agbára kún ìró tó kéré. Ní 1978 David Kemp ní London tiẹ̀ gba ìró tí etí fúnra ẹ̀ ń sọ síta sínú maikirofóònù.

PZT, PVDF, èwo ni kí n rà?

PZT lágbára ṣùgbọ́n ó máa ń fọ́ bíi àwo, nínà ẹ̀ náà kéré, nǹkan bíi 0.1%, ìyẹn tó bá gùn tó mílímítà 10 á nà ní máíkírọ̀n 10, irun orí nípọn ju ìyẹn lọ dáadáa. Fún fífà òun lẹ máa lò. PVDF rọ̀, ó fúyẹ́, ẹ lè fi sísọ́ọ̀sì gé e bó ṣe wù yín, ó ń gbọ́ dáadáa, àmọ́ kò lágbára tó láti fa irin tó nípọn, kò sì fẹ́ kẹ́ ẹ gbé e kọjá nǹkan bíi 80 degree ooru. Fún gbígbọ́ ó dáa púpọ̀, wọ́n tún ti sin ín sínú fóòmù, kí fóòmù gbé ìró tó wà lókè mì, kí PVDF inú ẹ̀ máa bójú tó tìsàlẹ̀.

Èyí tó wà láàárín ni MFC, tí wọ́n ṣe ní NASA Langley ní àwọn ọdún 1990: wọ́n gé sẹ̀rámíìkì sí fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n tò ó sínú epoxy, wọ́n fi pílásítíìkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ oníwáyà bò ó níwájú lẹ́yìn, ó wá ṣe é ká díẹ̀ láìfọ́. Ó wọ́n, ó sì ń jẹ fólítì gan-an, láti −500 títí dé 1,500.

Ṣé dandan ni kí kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀?

Kò di dandan. Ní 1991 Hagood àti von Flotow ṣàlàyé bẹ́ ẹ ṣe lè kan so résísítọ̀ àti kóìlì mọ́ piezo, ìgbọ̀n á di iná, iná á di ooru nínú résísítọ̀, ó parí. Wàhálà ibẹ̀ ni kóìlì: tí piezo yín bá jẹ́ 100 nanofarad (ìwọ̀n bí iná tó lè tọ́jú ṣe pọ̀ tó), tí ìgbọ̀n sì wà ní 50 hertz, kóìlì tẹ́ ẹ nílò á tó 101 henry (ìwọ̀n agbára kóìlì), á tóbi, á wúwo, ẹ ò ní rí i rà bọ̀rọ̀. Op-amp, ẹ̀yà kékeré tó ń sọ iná tí ò lágbára di èyí tó lágbára, ni wọ́n fi ń ṣe bíi irú kóìlì bẹ́ẹ̀.

Níbo ni wọ́n ti ń lò ó ní tòótọ́?

Ní 2005 Eurocopter gbé hẹlikópítà BK117 kan fò ní Jámánì tí piezo ń darí etí abẹ́bẹ̀ òkè ẹ̀ bó ṣe ń yí, kí ìgbọ̀n lè dín kù. Báàlù Q400 tí Arik àti Aero Contractors ti lò ní Nàìjíríà ní maikirofóònù lára ògiri inú ẹ̀ àti àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí wọ́n so mọ́ egungun ara ẹ̀, tó ń mì í lódì sí bí abẹ́bẹ̀ ṣe ń mì í. Abẹ́bẹ̀ yẹn ní apá mẹ́fà, ó ń yí ní 850 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan lójú ọ̀run, ẹ ṣírò ẹ̀, 85 hertz nìyẹn, ìgbì ẹ̀ á gùn tó mítà 4. Fóòmù wo lẹ fẹ́ fi dá ìyẹn dúró láìjẹ́ pé ẹ sọ báàlù di ẹrù? Ara báàlù fúnra ẹ̀ ni wọ́n lọ bá.

Òjé inú PZT ńkọ́?

Ó ju ìdajì lọ nínú ìwúwo ẹ̀. Tó bá wà ní odindi ó ṣe é mú lọ́wọ́, àmọ́ ẹ má ṣe fi fáìlì rẹ́ ẹ, ẹ má gé e nínú yàrá tí ọmọdé wà, ẹ má sì sun ún. Ohun tí ekuru òjé ṣe fáwọn ọmọ ní Zamfara ní 2010 ò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Wọ́n ń wá èyí tí ò ní òjé, Saito àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Japan gbé ọ̀kan tó lágbára jáde ní 2004, ṣùgbọ́n PZT ló ṣì pọ̀ jù lọ́jà.

Mi ò lówó púpọ̀, báwo ni mo ṣe lè bẹ̀rẹ̀?

Ẹ ra piezo olójú idẹ tí wọ́n ń lò nínú bọ́sà (nǹkan kékeré tó ń dún píì nínú ẹ̀rọ), èyí tó fẹ̀ tó mílímítà 27, méjì. Ẹ wá rúlà onírin tó nípọn mílímítà 1, ẹ dè é mọ́ tábìlì kí sẹ̀ńtímítà 20 ẹ̀ yọ síta, á máa gbọ̀n ní nǹkan bíi 20 hertz. Ẹ fi epoxy lẹ wọn mọ́ ìdí ẹ̀, ọ̀kan lókè ọ̀kan nísàlẹ̀.

Ẹ má ki èyí tó ń gbọ́ bọ inú anpilifáyà orin tààrà o. Piezo yẹn jẹ́ nǹkan bíi 20 nanofarad, tí ẹnu anpilifáyà bá jẹ́ 10 kilohm, gbogbo ohun tó bá wà nísàlẹ̀ 800 hertz ló máa gé dànù, ìgbọ̀n yín á pòórá ẹ ó rò pé piezo ti bà jẹ́. Ẹ lo op-amp tí ẹnu ẹ̀ jẹ́ 1 megohm tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn á jẹ́ kó gbọ́ láti nǹkan bíi 8 hertz sókè. Fún èyí tó ń fà, ẹ fi résísítọ̀ sáàárín òun àti anpilifáyà, torí bíi kápásítọ̀ ni piezo rí sí i, àwọn anpilifáyà kan kì í fẹ́ ìyẹn. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan wáyà ẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá pa á, ẹ kọ́kọ́ so méjèèjì pọ̀ mọ́ résísítọ̀ kan, torí iná máa ń kù nínú ẹ̀.